Ibi Tí Ènìyàn Kì Í Ti Í Làágùn

Hasanat ń yí ẹja padà lórí ààrò. Ó ń fi ìka mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kíákíá, kí iná tó rí àyè jó o. Ó ń dà wọ́n dé ojú kejì, ó sì ń ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá sí àárín. Àrọ̀ ni gbogbo wọn. Wọ́n ti ká wọn róbótó, wọ́n sì ti fi ẹyọ igi ìgbálẹ̀ gún ìrù mọ́ ẹnu. Èéfín ń yọ lábẹ́ wáyà, ó ń wọ̀ ọ́ lójú, ó ń wọ̀ ọ́ nímú, kò sì sí ibi tí ó lè yà sí. Ògiri ilé wà lẹ́yìn rẹ̀, ògiri ilé kejì wà níwájú, páànù tí wọ́n fi ṣe òrùlé ààrò sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè nà ró tán. Òógùn ń ṣàn láti ọrùn rẹ̀ dé ìbàdí. Àárọ̀ ṣì ni, oòrùn Ẹ̀pẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó wo ààrò náà láti òpin kan dé òpin kejì. Ìdajì rẹ̀ ti ṣófo. Ẹja tó kù yóò gbẹ kí ó tó di ọ̀sán. Bí wọn kò bá gbé nǹkan mìíràn sí i, ó lè kúrò nílé yìí lónìí.

"Ìyàwó!" Mùlíkátù, ìyá ọkọ rẹ̀, ni ó ń pè é láti orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. "Má jẹ́ kí ó jó o. Àwọn ará Ìkòròdú kì í ra èyí tó bá dúdú jù."

"Kò jó, Ìyá."

"Mo ń gbọ́ òórùn nǹkan."

"Òórùn mi lẹ ń gbọ́. Èmi gan-an ni mo ti ń gbẹ."

Màmá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Ó wúkọ́ títí, ó fi etí gèlè bo ẹnu, ó sì na ọwọ́ kan sókè kí Hasanat má bàa dìde wá. Dókítà ti sọ fún un pé kí ó yàgò fún èéfín. Ó gbà á lẹ́nu, kò gbà á lọ́kàn. Ojoojúmọ́ ni ó máa ń gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí èéfín ti lè rí i dáadáa.

Làtífù, ọmọ rẹ̀ àgbà, tí í ṣe ọkọ Hasanat, ti kú. Orí òkè ni ó ń gbé kí ó tó kú, lọ́hùn-ún ní ìhà ibodè Kamẹrúùnù, ní àfonífojì kan tí àwọn olówó ti máa ń lọ gbafẹ́. Ibẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti òdòdó fún ilé ìtura láti ìgbà tí Lateefah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí sọ pé ilé ọkọ ni obìnrin ti ń ṣe opó. Hasanat sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́, ó wọ yàrá tí wọ́n fi hàn án, ó sì jókòó síbẹ̀ títí opó fi pé. Kò rojọ́. Ohun tó yẹ ni. Ọjọ́ tí ó jáde opó, ó ti di ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà náà ni Ìyá ní kí ó bá òun yan ẹja ààrò kan ṣoṣo kí ó tó máa lọ.

Ilé yìí ní òfin kan nípa ẹja. Ẹni tó bá to ẹja sórí ààrò ni yóò yí i, òun náà ni yóò sì kó o kúrò nígbà tó bá gbẹ. Kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní ẹja tí ọwọ́ méjì bá yan yóò tètè bu, oníbàárà yóò dá a padà, orúkọ ilé yóò sì bàjẹ́ lọ́jà. Omi tó bá kọ́kọ́ kán láti ara ẹja sínú iná ni ó ń so ẹja náà mọ́ ọwọ́ ẹni tó tò ó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí Mùlíkátù tó wọ ilé náà bí ìyàwó, ẹnikẹ́ni kò sì bá a jiyàn rí. Ìbẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ti bí Hasanat, apẹja ni bàbá rẹ̀, kò sì gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ilé ọkọ nìyí.

Ohun tí kò tètè rí ni pé ààrò náà kì í ṣófo. Kí ìdajì tó gbẹ, wọ́n á ti gbé ọ̀tun dé. Ìyá á dìde, á to ẹja bíi mélòó kan fúnra rẹ̀, ikọ́ á mú un, Hasanat á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá," á sì to ìyókù. Bó ṣe to ìyókù, ó ti so ara rẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Kí ìyẹn tó gbẹ, òmíràn á ti dé. Oṣù tó kọjá, ọkọ̀ ibi ìgbafẹ́ wá sí Ìkòròdú, ó kó ẹrù tó wá kó, ó sì padà. Hasanat wà lẹ́bàá iná, ó ń yí ẹja.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni ọkọ̀ náà ń wá. Ọkọ̀ èrò kì í gun òkè náà. Ọ̀gá Benjamin, tó ń bójú tó ọgbà níbẹ̀, ti pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Ìyá Lateefah, mo ti bá yín mú sùúrù. Bí ọkọ̀ ọ̀la bá dé tí ẹ ò sí nínú rẹ̀, tọkọtaya kan wà tí wọ́n ti ń wo ilé yín. Àwọn àlejò ń jẹun lójoojúmọ́. Ilẹ̀ ò lè máa sùn." Ìkòròdú ni ọkọ̀ náà yóò sùn sí ní alẹ́ òní, ìdájí ọ̀la ni yóò gbéra. Lateefah, tó wà nílé ọkọ ní Ìgbògbò, ti ní kí ìyá òun wá sùn lọ́dọ̀ òun, àwọn yóò jọ lọ dúró de ọkọ̀.

Nítorí náà, òní ni. Bí òní bá kọjá, ilé lọ, ọgbà lọ.

Hasanat tún ti igi kan síwájú nínú iná, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ní orí òkè, wọn kì í fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Nígbà tí òun àti Làtífù kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó gbé abẹ̀bẹ̀ kan lọ láti Ìbẹ̀ṣẹ̀, ó fi kọ́ ògiri, ibẹ̀ ni aláǹtakùn ti kọ́lé sí i. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe òtútù tí í mú eyín lu eyín, oòrùn ibẹ̀ kì í jóni lórí. Láàárọ̀, kùrukùru á sọ̀ kalẹ̀ láti ara àwọn òkè tó yí wọn ká, á dùbúlẹ̀ sínú àfonífojì bí òwú, ènìyàn á wọ súwẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí oòrùn bá yọ, á bọ́ ọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà ọyẹ́ rí bẹ́ẹ̀, ìgbà òjò rí bẹ́ẹ̀, oṣù kẹta tí Ẹ̀pẹ́ ń hó bí omi ẹ̀kọ náà rí bẹ́ẹ̀. Kábéèjì kì í bèèrè pé oṣù wo la wà. Èyíkéyìí ọjọ́ tí èèyàn bá fi irúgbìn sílẹ̀, ó ń hù.

Kì í ṣe pé ibẹ̀ dùn mọ́ ọn nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ọdún àkọ́kọ́, ó máa ń sunkún. Kò sí nǹkan tó ń sọ fún un pé àsìkò ń lọ. Kò rí ìgbà tí epìyà pọ̀, kò rí ìgbà tí ọ̀sà kún, ọjọ́ kan ṣáà jọ èkejì bí ẹyin. Làtífù ni ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ inú ilẹ̀ dúdú ibẹ̀, tó ní, "Gbin nǹkan. Ohun tó o bá gbìn ló máa sọ fún ẹ pé àsìkò ń lọ." Ó gbìn ín, ó sì rí i bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn iwájú dún. Kabir, àbúrò Làtífù, wọlé gba àárín ilé kọjá, ó gbé báàfù ńlá kan lé orí, ó sì gbé òmíràn mọ́ ìbàdí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, ṣáàtì funfun wà lọ́rùn rẹ̀, omi ẹja sì ti ń kán sí èjìká ṣáàtì náà. Wọ́n ti bí i kí Hasanat tó di ìyàwó ilé, nítorí náà kì í pe orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ni ó sọ ọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyàwó wa."

"Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀. Kí lẹ gbé yẹn?"

"Àrọ̀ ni! Láti ọjà Olúwo. Ẹ wò ó bó ṣe ń fò. Mo bá obìnrin yẹn dúnàá-dúrà títí ó fi ní òun á pe ọlọ́pàá." Ó sọ báàfù méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Àwọn ẹja náà tobi, wọ́n ń na ìrù mọ́ ara báàfù, gbà, gbà. "Èyí á gbà wá dé ọjọ́ Ẹtì."

Ojú Hasanat lọ sí báàfù, ó lọ sí apá tó ṣófo lórí ààrò, ó sì padà sí Kabir.

"Mo sọ fún yín lánàá pé òní ni mò ń lọ."

"Ẹ sọ ọ́, mo sì gbọ́. Ṣé ẹja mọ̀ ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni, ó fẹ́ràn àwàdà, kò sì sí ìwà ìkà lára rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ó jẹ́ kí ó ṣòro láti bá a jà. "Kí tiẹ̀ lẹ ń wá lọ síbẹ̀ ná? Ibi tí wọ́n ti ń fi búláńkẹ́ẹ̀tì sùn ní oṣù kẹta! Ọjọ́ tí mo lọ kí yín níjọ́sí, mo rò pé inú fíríìjì lẹ̀gbọ́n mi ń gbé."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí á fi yín sílẹ̀ síbẹ̀ nígbà yẹn."

"Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo fẹ́ràn níbẹ̀. Ó ń tutù láìsí iná mànàmáná."

Ìyá ti dìde láti orí àtẹ̀gùn. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó sì ti ká apá bùbá rẹ̀ sókè. "Ẹ jẹ́ kí ó máa sinmi. Èmi ni mo máa tò ó. Ọwọ́ mi ṣì wà lára mi."

"Màmá, dókítà ní..."

"Dókítà kò yan ẹja rí."

Ó gbé àpótí kan sẹ́nu ààrò, ó jókòó. Kabir ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹja náà, ó ń fi iyọ̀ yọ yíyọ̀ ara wọn kúrò, ó ń ká wọn, ó sì ń gún wọn. Iṣẹ́ náà yá a lọ́wọ́ ju bí èèyàn ṣe lè rò nípa ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Ìyá gba àkọ́kọ́, ó tò ó sórí wáyà. Ó gba èkejì. Nígbà tí ó na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta, ikọ́ dé.

Ikọ́ náà kì í ṣe eré. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó mì í, iṣan ọrùn rẹ̀ dìde. Ẹja kẹta ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Hasanat ti na ọwọ́ tirẹ̀ láìmọ̀, ìka rẹ̀ ti kan ìrù ẹja náà. Gbólóhùn ojoojúmọ́ ti dé ahọ́n rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti sọ. Bí ó bá sọ ọ́, yóò to ìyókù, omi yóò kán sínú iná, ọjọ́ Ẹtì yóò dé bá a níbí, ọkọ̀ yóò ti gun òkè, tọkọtaya kan yóò sì ti máa fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn tí òun àti Làtífù kùn.

Kò sọ ọ́. Ó gba ẹja náà lọ́wọ́ Ìyá, ó dá a padà sínú báàfù. Ó yọ àwọn méjì tó ti wà lórí wáyà náà, ó dá wọn padà.

Kabir gbé ojú sókè. "Kí lẹ ṣe nìyẹn?"

"Iná ò tíì mú wọn. Omi wọn ò tíì kán. Wọn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni." Ó nu ọwọ́ sí ara ìró. "Akọ̀wé, ẹ gbé e lọ bá Ìyá Bísíríyù ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó ń báni yan. Ààrò rẹ̀ ṣófo láti àná, mo rí i."

"Kí n máa gbé ẹja gba àdúgbò kọjá bí ẹni jí i? Tí ààrò bàbá mi wà nílẹ̀?"

"Kò sí ẹni tó máa yan án níbí."

"Ìwọ ńkọ́?" Ìyá ni ó bèèrè. Ikọ́ ti dá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì há. "Ìwọ kì í ṣe ènìyàn ni?"

"Mò ń lọ, Ìyá."

Màmá àgbà náà gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, kò pariwo. "O fẹ́ padà síbi tó pa ọmọ mi."

Kabir ní, "Màmá."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún un lójú. Wọ́n bí Làtífù sínú ooru. Inú ooru ló ti jáde, inú ooru ló ti dàgbà, tó ń wọ ọ̀sà, tó ń làágùn, tí ohun burúkú tó wà lára rẹ̀ ń bá òógùn jáde. Ẹ wá gbé e lọ síbi tí ènìyàn kì í ti í làágùn. Odindi ọdún! Ọdún lórí ọdún! Gbogbo ohun tó yẹ kó jáde, ó jókòó sí i lára. Ọjọ́ tó máa sọ̀rọ̀, ó pa á. Mi ò sì ní jẹ́ kó pa ìwọ náà. Ìdí nìyẹn. O rò pé ẹja ni? Ta ló ń sunkún ẹja?"

Iná ń ta pàrà lábẹ́ wáyà. Hasanat tẹ̀ síwájú, ó yí ẹja tó kù, nítorí pé àsìkò yíyí wọn ti tó, bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ wà nílẹ̀.

Ìdáhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wọlé opó. Làtífù sọ̀ kalẹ̀ wá ṣe Iléyá ní Ẹ̀pẹ́, nítorí pé ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù títí. Ooru kò jẹ́ kí ó lè sùn nínú yàrá, ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé yìí gan-an, ó sùn síbẹ̀ láìta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ó padà sórí òkè, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, tí kì í rí ẹ̀fọn, tí kì í tọ́jú ibà, ní òtútù ni, kí wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì sí i. Hasanat gan-an ni ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ó bò ó lórí, ó bò ó lẹ́sẹ̀, ó se omi atalẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn ní ìsàlẹ̀ òkè, dókítà wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó bèèrè pé ibo ló lọ láìpẹ́ yìí, ó sì mi orí. Ara tó ti gbàgbé ẹ̀fọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ibà jà mọ́.

Ibà ni ohun tí Hasanat sọ fún ẹbí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"O ò dá mi lóhùn," Ìyá wí.

"Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ, Ìyá."

"Ó wà." Màmá náà ń wo iná, kò wo Hasanat. "Ibà lo ní ó pa á. Ibà wo? Ẹ̀fọn ń bẹ lórí òkè yẹn?"

Kabir dá ọwọ́ dúró, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ kan, ẹja wà lọ́wọ́ kejì.

Hasanat ronú láti purọ́. Ó wò ó yíká bí ẹni ń wá ilẹ̀kùn, kò rí èyí tí ó lè gbà. "Kò sí," ó ní. "Kò sí ẹ̀fọn níbẹ̀."

"Hùn-ún." Ìyá mi orí lẹ́ẹ̀kan. "Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tó o ti sọ ọ́. Mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn, mo máa ń wo ibi tó tẹ́ ẹní sí. Èmi ni mo pè é. Ó ní, 'Ìyá, ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.' Mo ní tí kò bá wá, kó má pè mí ní ìyá mọ́."

"Ẹ pè é nítorí pé ẹ fẹ́ rí i. Èmi ni mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó nígbà tí ara rẹ̀ ń jó. Bí a bá fẹ́ pín ẹ̀bi, ó máa kárí."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ohùn Ìyá ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Nítorí náà, jókòó. Ta ni mo lè bá sọ ọ́? Kabir yìí? Ó máa fi ṣe àwàdà."

"Màmá, mi ò ní..."

"Mo mọ̀ pé o ò ní, ọmọ mi. Dákẹ́." Ó yíjú sí Hasanat. "Bó o bá lọ, ìwọ nìkan ni wàá máa gbé ẹ̀bi yìí lọ́hùn-ún, èmi nìkan ni màá máa gbé e níbí. Níbi tí ọjọ́ kan ò yàtọ̀ sí èkejì, níbo ni ìbànújẹ́ ń gbà lọ? Sọ fún mi. Níbí, òjò á rọ̀, ọ̀sà á kún, á fà, Ààwẹ̀ á dé, ènìyàn á rí i pé nǹkan ń kọjá. Lọ́hùn-ún ńkọ́?"

Ìbéèrè náà wọ Hasanat lára, nítorí pé òun náà ti bi ara rẹ̀. Ní àwọn òru opó, ó ti rí ilé kékeré yẹn lójú inú, súwẹ́tà Làtífù lórí ìṣó, àárọ̀ tó tutù díẹ̀, ọ̀sán tó móoru díẹ̀, ọ̀la tó jọ òní, láìlópin. Kò lè fi irọ́ sọ pé ibẹ̀ á dùn.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ọgbà wa ti kún fún koríko. Mo fẹ́ lọ ro ó. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀."

"Ká ní o dúró..."

"Ìyá, ká ní mo dúró, iná yìí ò ní kú. Ẹja á máa dé, màá máa tò ó, ẹ̀yin á sì máa jókòó ti èéfín pẹ̀lú mi. Ẹ ò ní kúrò níbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ló tẹ́ ẹní sí. Ikọ́ yìí á pa yín, ojú mi á sì rí i. Mi ò lè ṣe opó ẹ̀ẹ̀mejì nínú ẹ̀yìnkùlé kan náà."

Kabir ni ó kọ́kọ́ mira. Ó dìde, ó da omi sí ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹja tí ó ti pa padà sínú báàfù, láìyára, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá òun dúró. Ẹnikẹ́ni kò dá a dúró. Ó gbé báàfù kan lé orí.

"Ìyá Bísíríyù yẹn," ó ní, "ó máa yọ èyí tó sàn nínú rẹ̀."

"Ẹ jókòó tì í."

"Kí n jókòó tì í! Pẹ̀lú ṣáàtì ọ́fíìsì." Ó lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó padà wá gbé ìkejì, kò sì ṣe àwàdà kankan.

Hasanat padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fa àwọn igi ńlá sẹ́yìn, ó jẹ́ kí ẹyin iná nìkan ṣẹ́kù, nítorí pé ẹja tó bá ti fẹ́ gbẹ kò fẹ́ ọwọ́ iná. Ó fi páálí bo orí wọn. Ó ń ṣí i, ó ń wò ó, ó ń bò ó padà. Oòrùn ti gun orí páànù, ibẹ̀ ti gbóná bí inú ìkòkò, ṣùgbọ́n kò sáré. Bí ó bá kó wọn ní tútù, wọn yóò bu, yóò sì jẹ́ pé ó fi iṣẹ́ búburú sílẹ̀ ní ilé ọkọ. Ìyá kò padà sórí àtẹ̀gùn. Ó gbé àpótí rẹ̀ lọ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí èéfín kì í dé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ààrò. Hasanat ń gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ ṣe ń kan ara wọn.

Nígbà tí ó mú ẹja méjì, tí ó sì lù wọ́n mọ́ ara wọn, tí wọ́n dún bí igi, ó mọ̀ pé ó tó. Ó tẹ́ bébà sínú apẹ̀rẹ̀, ó to wọn ní ìpele-ìpele, èyí tó tobi sí ìsàlẹ̀, ó sì tún fi bébà bò wọ́n. Kò ṣẹ́ ọ̀kankan. Ó fa ìyókù igi jáde, ó fi orí wọn gún iyanrìn títí wọ́n fi dúdú. Ó bu omi sí ẹyin iná. Òógùn àti eruku bá a lójú pọ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé wáyà kúrò lórí ààrò, ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀rá ara rẹ̀, ó fi kànìnkànìn àti eérú fọ̀ ọ́, ó sì gbé e ti ògiri. Láti ìgbà tí ó ti dé ilé náà, kò rí ìdí ààrò yẹn rí. Eérú lásán ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú egungun ẹja mélòó kan.

Ó wẹ̀. Ó wọ aṣọ mìíràn, ó wé híjáàbù, ó gbé báàgì rẹ̀ jáde láti yàrá. Ìyá ṣì wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Hasanat kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìyá, mo ti ṣe tán. Ẹja wà nínú apẹ̀rẹ̀. Mo ti bò ó."

"Iná ńkọ́?"

"Ó ti kú."

Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà dákẹ́. Màmá náà kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá orí Hasanat kàn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ọwọ́ náà gbóná, ó sì wúwo. Ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Máa lọ kí ọkọ̀ Ìkòròdú tó kún," ó wí.

Hasanat dìde. Ó gbé báàgì náà kọ́ èjìká, ó gba àárín ilé kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó sì fà á dé lẹ́yìn ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Kẹ̀kẹ́ Máruwá kan ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó na ọwọ́ sí i, ó ní kí ó gbé òun dé gáráàjì, ó sì wọlé.